Bàbá Tó Ń Fi Etí Wa Ọkọ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a sin Bàbá, ọkùnrin kan wọ ọgbà wa ní Natako, ládùúgbò wa ní Lọ́kọ́ja. Ó kí wa kú àṣẹ̀yìndè, ó jókòó, a fún un lómi. Kò tíì mu omi náà dé ìdajì tí ojú rẹ̀ fi lọ síbi ọkọ̀ tó wà lábẹ́ páànù. Ó ní, "Ìyá ọmọ, irin àlòkù yìí, ṣé ẹ ó tà á?" Màmá mi wò mí, èmi náà wo Màmá mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yára mu omi yín kí Bàbá tó gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó lọ tán ni inú ń bí mi. Irin àlòkù! Mo ní ó yẹ kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa bàbá àgbà mi kí ẹlòmíràn tó wá fún un lórúkọ.

Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé o. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà dé, lẹ́yìn náà mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, mo lọ́kọ, mo bímọ. Ẹ má retí kí n sọ ọdún tí wọ́n bí i àti gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ìyẹn wà nínú ìwé ìsìnkú tí ìjọ tẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ: ìṣe rẹ̀, ẹnu rẹ̀, ìjà rẹ̀, àti àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ di wàhálà láàárín èmi àti òun, nítorí pé ọmọ mi ló ń gbé lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, ojú Bàbá sì ti ń kú tí a kò mọ̀.

Bàbá Pijó ni gbogbo Natako ń pè é. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, dírẹ́bà ìjọba ni títí ó fi fẹ̀yìntì. Pijó 504 kan ló ní, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etí odò, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju tèmi lọ. Bàbá mọ àpá ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ àpá ara ọmọ.

Àárọ̀ Bàbá kì í fi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Yóò jí, yóò gba àdúrà tí kì í gùn, yóò sì lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yóò wo omi, yóò fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, yóò fi ìka méjì pa á, yóò gbóòórùn rẹ̀ bí ìyàwó tuntun ṣe ń gbóòórùn ọbẹ̀ tí kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà ni yóò tan ẹ́ńjìnì, yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò dúró gbagidi. Ẹni tó bá kọjá lọ tó kí i pé "Okun o, Bàbá!" kò ní rí èsì gbà. Ó dìgbà tó bá gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́ kó tó gbé ọwọ́ sókè. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń gbọ́ gan-an. Ó ní, "Dúpẹ́, ọkọ̀ tó bá dákẹ́ jù, ó ń dìtẹ̀ ni."

Màmá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ, kì í pe ọkọ̀ yẹn ní ọkọ̀. "Orogún mi" ló ń pè é. Láti ìdí ààrò ni yóò ti máa kígbe, "Bàbá Rótìmí, ṣé orogún mi ti jẹun tán? Ẹ jẹ́ kó kan èmi náà!" Lọ́jọ́ kan, Màmá Àgbà ra ẹja tútù létí odò, ó gbé e sínú bọ́ọ̀tù, ó rò pé apẹ̀rẹ̀ náà kò jò. Apẹ̀rẹ̀ jò. Omi ẹja wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, oòrùn Lọ́kọ́ja sì ṣe ìyókù. Ẹni tó bá mọ oòrùn wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi ń gbé ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ lọ sídìí ọkọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá Àgbà lọ dúró tì í, ó fọwọ́ méjèèjì síbàdí. "Bàbá Rótìmí, ẹ sọ òótọ́ fún mi lónìí. Nínú àwa méjèèjì, ta lẹ fẹ́?"

Bàbá kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ìwọ ni mo fẹ́. Òun ni mò ń fọ̀."

Ẹ má rò pé ọ̀tá ọkọ̀ tuntun ni Bàbá o. Àwọn èèyàn máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, wọn kò gbọ́ ọ yé ni. Gbogbo ọkọ̀ ló nífẹ̀ẹ́ sí, ṣùgbọ́n bí tísà ṣe máa ń nífẹ̀ẹ́ ọmọ ilé ìwé ni, pẹ̀lú pàṣán. Ó ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ gidi, bó o bá tì í, á dún "gbàmù" bí ẹni tó ní ẹjọ́ ti parí, ṣùgbọ́n ti ìwòyí ń dún "fẹ́ẹ́" bí ẹni tó ń tàn ọ́. Nípa tòkunbọ̀, ó ní opó tó tún lọ́kọ ni: bó o bá tẹ́tí dáadáa, yóò sọ ohun tí ọkọ àkọ́kọ́ ṣe fún un.

Àǹkù Rótìmí, àbúrò Màmá mi tó ń gbé ní Àbújá, ni olórí àwọn tó ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tí Àǹkù ra ọkọ̀ tuntun, tààrà ló wà á wá sí Lọ́kọ́ja wá fi han Bàbá. Gbogbo wa jáde.

"Bàbá, ẹ jókòó síbí. Ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì yìí."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Kì í lo kọ́kọ́rọ́ mọ́, Bàbá. Ó wà nínú àpò mi. Ọkọ̀ yẹn mọ̀ pé èmi ni mo wà ńbí."

"Ọkọ̀ mọ̀ ọ́," Bàbá ní. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Nígbà tó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó rí i pé ike dúdú ni wọ́n fi bo gbogbo inú rẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Kí ló ṣe tí ojú fi ń tì í?" Àǹkù bínú díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jọ jáde lọ sí ọ̀nà Ganaja, tí ewúrẹ́ kan já lu ọ̀nà, tí ọkọ̀ náà sì dúró ṣinṣin láìfì sọ́tùn-ún, láìfì sósì, Bàbá fọwọ́ pa orí dásíbọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹni tó ṣe bíréèkì yìí bẹ̀rù Ọlọ́run." Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bú bíréèkì ọkọ̀ tuntun lójú rẹ̀, ìjà ni.

Ìgbà kan tún wà tí Àǹkù wá, tí iná pupa rúsúrúsú kan tàn níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ti fẹ́ pe ọkọ̀ agbọ́kọ̀ láti Àbújá, ó ní kọ̀ǹpútà ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ. Nígbà tó jẹun tán, ó bi í, "Níbo lo ti ra epo?" Àǹkù ní ní ẹnu ọ̀nà ìlú ni. Bàbá dìde, ó fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, ó ṣí ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, ó yí ìdérí rẹ̀ títí ó fi dún kíkì, kíkì, kíkì. Ó padà wá jókòó. Kí Àǹkù tó dé Àbújá, iná náà ti kú. Lórí fóònù, Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Rótìmí, ọmọ olówó ni ọkọ̀ rẹ. Ìdérí lásán ló ṣí, ó ti ń pe dókítà."

Ẹ kíyè sí i pé mo ní ó fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ. Gbogbo wa rí i. Kò sí ẹni tó ro nǹkan kan.

Iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe ni ọkọ mi ń ṣe, ó ń bá ilé iṣẹ́ wọn kiri láti ìlú dé ìlú, nítorí náà ọ̀dọ̀ Bàbá ni èmi àti Ìfẹ́, ọmọbìnrin mi, ń gbé. Iwájú ilé ni mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá yóò wà lórí àga rẹ̀ ní fàráńdà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àlàájì yóò wá bá a. Ará Ìlọrin ni àwọn baba Àlàájì, ṣùgbọ́n ní Lọ́kọ́ja àtijọ́ ni wọ́n bí i sí, aṣọ ló ń tà. Eré kan wà tí Bàbá máa ń ṣe níbẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá yọ ní kọ́nà, kó tó dé iwájú ilé wa, Bàbá á ti pe irú rẹ̀, á pe ẹni tó ni ín, á sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Tísà ni. Igba ó lé mẹ́rìnlá." Ọkọ̀ á kọjá, a ó wo nọ́ńbà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Àwọn oníbàárà mi á pàtẹ́wọ́. Bí ọkọ̀ àjèjì bá kọjá, tí ẹnìkan ní kó ka tiẹ̀, Bàbá á ní, "Èyí kì í ṣe ará ibí. N kò ní fi ojú mi ṣòfò lé e." A ó tún rẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni.

Màmá mi, tó ń gbé ní àdúgbò Karaworo, ti fura ṣáájú gbogbo wa. Ó rí ìhà ọkọ̀ tí nǹkan ti ha lára. Ó ní Bàbá kì í mọ̀ pé òun ti dé àfi bí òun bá sọ̀rọ̀. Ó pe Àǹkù Rótìmí lórí fóònù, mo wà níbẹ̀.

"Rótìmí, mo ní ojú Bàbá kò dára mọ́."

"Ojú èwo, Sìsítà mi? Ẹni tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti orí àga? Ojú Bàbá dára ju tèmi lọ."

Màmá mi gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn. Eré fàráńdà yẹn ni a fi ṣe dókítà. Àti pé ní ilé tiwa, a kì í sọ fún àgbà pé kò ríran mọ́. A máa ń dúró kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá kò sì sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni àṣírí tú, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn òjò ńlá kan. Mò ń rán aṣọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ Àlàájì ní ikọ́ kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀, a gbọ́ ọ kó tó yọ. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ìka síta. "Àlàájì nìyẹn. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méje."

Mo gbé ojú sókè. Nọ́ńbà tó wà níwájú ọkọ̀ Àlàájì ń dán gbinrin, tuntun ni. Kò sí mẹ́ta níbẹ̀, kò sí méje.

Àlàájì sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Rótìmí, ìyẹn ti bá àgbàrá lọ! Ọjọ́ òjò yẹn ló já. Ẹ kò rí tuntun tí mo so mọ́ ọn?"

"Mo rí i," Bàbá ní. "Ti àtijọ́ ló wù mí kí n pè."

"Ẹ̀yin àti nǹkan àtijọ́!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mò ń wo ọwọ́ Bàbá, bó ṣe ń wá ife omi rẹ̀ kiri lórí tábìlì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó ti kọ́ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ àdúgbò sórí nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dára, ó ń fi dídún ẹ́ńjìnì mọ èyí tó ń bọ̀, ó ń kà á síta fún wa. Ta tún ni ìbá lè ṣe irú nǹkan yẹn? Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwé ní Adankolo, tó sì gbé e padà.

Mo pe Ìfẹ́ wọ yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

"Ìfẹ́, kí lẹ máa ń ṣe nínú ọkọ̀, ìwọ àti Bàbá?"

"Mo máa ń bá Bàbá wo ọ̀nà."

"Báwo lẹ ṣe ń wò ó?"

"Mo máa ń sọ pé, kẹ̀kẹ́! Mo máa ń sọ pé, màmá kan ń sọdá! Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, Bàbá á ra bisikíìtì fún mi."

Gbogbo bisikíìtì tí mo ti ń bá nínú báàgì ọmọ yìí, tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá tan ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo wọ yunifọ́ọ̀mù yẹ́lò rẹ̀ fún Ìfẹ́, mo sì gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn. N kò dìde.

"Dúpẹ́, ọmọ yìí ti ń pẹ́."

"Bàbá, Ìfẹ́ kò ní bá yín lọ lónìí."

"Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá, Bàbá. Ojú yín ni kò yá."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Bàbá yí sí mi. N kò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. "Èmi? Èmi tí mo wa ọkọ̀ dé Sókótó kí wọ́n tó bí ìyá rẹ? Ìwọ lo fẹ́ sọ fún mi bí ojú mi ṣe rí?"

Mo gbé ọmọ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, n ó jókòó tì yín dé Sókótó lónìí. Ọmọ mi ni, Bàbá."

Ẹ́ńjìnì ń dún lọ. Bàbá fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde. Gbé nǹkan kan, ohunkóhun tó bá wù ọ́, kó o lọ dúró síbi igi máńgòrò yẹn. Bí mo bá mọ ohun tó o gbé, gbé ọmọ wọ ọkọ̀, má sì tún dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́ títí n ó fi kú. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n..." Kò parí rẹ̀.

Igi máńgòrò náà kò jìnnà. Bí mo bá ju òkò láti ẹnu ọ̀nà, yóò kọjá rẹ̀. Mo wo ilẹ̀, mo wo korobá, mo wo ìgbálẹ̀. Mo bá gbé Ìfẹ́. Mo sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀, mo sì gbé e sókè níwájú àyà mi. N ó sọ òótọ́ fún yín: àdúrà méjì ni mò ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí mo dúró sí. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí Bàbá rí i. Mo tún ń bẹ̀ Ẹ́ kó má jẹ́ kó rí i.

Bàbá ṣíjú, ó tẹ ọrùn síwájú, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ ẹ́ńjìnì.

"Kẹ́ẹ̀gì ni," ó ní. "Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò."

Ìfẹ́ kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, èmi ni! Èmi Ìfẹ́ ni!" Ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ó rò pé eré ni.

Bàbá dúró síbẹ̀. Ó wá yí padà, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó pa ọkọ̀ náà. Ọgbà wa kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rìn wá bá wa lábẹ́ igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì pa ìka mi dé lé e lórí. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ní irùngbọ̀n ni mo ti ń wa ọkọ̀, n kò pa adìyẹ rí. N kò ní fi ọmọ mi bẹ̀rẹ̀."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú ẹni tí bàbá àgbà mi jẹ́, ìyẹn ni mo máa ń sọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìjà àti ẹkún. Òun ló ṣètò ìdánwò, òun ló ṣe é, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò yege.

Dókítà ojú wò ó, ó ní iṣan ojú ni ó ti kú, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó fún un ní oògùn tí yóò fi di ìríran tó kù mú. Mo rò pé Bàbá yóò káàárẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dé ìdí ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Dúpẹ́! Kọ́kọ́rọ́ yẹn dà?" Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti fún mi." Ó ní, "Mo mọ̀ pé mo ti fún ọ. Ṣé kó o fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn ni mo fi fún ọ? Wá wa ọkọ̀."

Pápá kan wà lẹ́yìn ilé ìwé kan ní Karaworo, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ha! Ojú mi rí nǹkan. "Ẹsẹ̀ rẹ wúwo lórí kílọ́ọ̀ṣì, ṣé iyán lò ń gún ni?" "Má wo jíà, jíà kò ní sá lọ!" Kò ríran, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe mi kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò gbọ́ ẹ́ńjìnì, yóò ní, "Ó ń bẹ̀ ọ́. Fún un ní jíà kẹta." Mo bá fún un, ọkọ̀ náà á sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tí a gbé pọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ti ń dúró gbọ́ ní gbogbo àárọ̀ ayé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á bọ́ sí títì, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìkóríta. Ìfẹ́ wà lẹ́yìn, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń fun fèrè. Ọ̀kan ń fi Hausa lé mi, "Hajiya, matsa mana!" pé kí n sún fún wọn. Òmíràn ní kí n gbé irin bàbá mi kúrò lọ́nà. Bàbá yọ orí síta. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni! Ta ló bí ẹ̀yin tí ẹ kò ṣubú rí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá dá àwọn tó kù dúró fún mi. Bàbá rọra sọ fún mi pé, "Má wo wọn. Ọ̀nà kì í ṣe ti ẹni tó yára, ti ẹni tó dé ni."

Àǹkù Rótìmí bínú nígbà tó gbọ́. "Bàbá, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ fún Dúpẹ́, ẹ kò tiẹ̀ fi lọ èmi tí mo jẹ́ ọmọ yín?"

"Ìwọ máa ń sáré."

"Mo fẹ́ tètè délé ni mo ṣe ń sáré!"

"Ẹni tí ilé rẹ̀ bá dùn kì í sáré, Rótìmí. Ó fẹ́ dé ibẹ̀."

Àǹkù fi tipátipá gbé e sínú ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ní Kérésìmesì, ó ní kó wá jẹ ìgbádùn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àga rọ̀, ọkọ̀ kò dún rárá. Wọn kò tíì dé ibi afárá tí Bàbá fi di ilẹ̀kùn mú, tí ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá bíréèkì. Àǹkù bi í pé kí ló dé, ṣé kò tù ú lára ni. Ó ní, "Ó tù mí lára. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí a wà. Nínú tìrẹ, afọ́jú ni mí. Nínú tèmi, mo ń ríran." Àǹkù kò tún bá a jiyàn ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó bá wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bẹ̀ mí pé kí n wá gbé Bàbá jáde.

Ọdún méjì la fi rìn báyìí. Mo gba ìwé ìwakọ̀. Lójoojúmọ́ la ń gbé Ìfẹ́ lọ sílé ìwé, Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n á jọ máa wo ọ̀nà, òun pẹ̀lú etí, ọmọ pẹ̀lú ojú. Bisikíìtì kò dáwọ́ dúró. Ọ̀sán gangan ni Bàbá lọ, lórí àga rẹ̀, láìpe ẹnikẹ́ni, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. N kò rò pé ó jẹ gbèsè ayé. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún mi kò gùn.

Ìtàn kan ló kù. Nǹkan bí oṣù kan kó tó lọ, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí abúlé wọn ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ lọ kí àwọn ẹbí. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn dírẹ́bà àtijọ́ kì í sùn nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn bá ń wà? Bàbá ò ṣe é rí. Àǹkù Rótìmí ti gbé e dé Kàdúná rí, Bàbá ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wa ọkọ̀ náà délé, Àǹkù ń fi ọwọ́ wà á lósì, òun ń fi ọkàn wà á lọ́tùn-ún. Ó dun Àǹkù gan-an pé Bàbá kò lè fọkàn balẹ̀ sùn nínú ọkọ̀ òun, ó máa ń sọ ọ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ti rọ̀. Ọ̀nà náà já gaara, ẹ́ńjìnì ń dún bó ṣe yẹ kó dún. Mo sọ nǹkan kan fún Bàbá, kò dáhùn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sí ojú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ ní ṣíṣí, ó ń hanrun.

Mo dín eré kù. Ọkọ̀ kan fun fèrè lẹ́yìn mi, mo ní kó kọjá. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, ọkọ̀ agbókùú kan kọjá, ọ̀kadà tó gbé ewúrẹ́ méjì pàápàá kọjá. Kòtò tí mo bá rí, mo ń yà fún un láti òkèèrè. Bí mo ṣe wà á dé ẹnu géètì wa nìyẹn, mo pa ọkọ̀, mo jókòó. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ́ńjìnì ló jí i.

"A ti dé?"

"A ti dé, Bàbá. Ẹ sùn o."

"Ta ló sùn?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. Ó wá apá mi, ó fọwọ́ gbá a fẹ́rẹ́.

"Dúpẹ́," ó ní, "má sọ fún Rótìmí."